Ẹ Kú Iṣẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Ẹrẹ̀

Bí a bá ń súre fún ọmọ nílẹ̀ wa, a máa ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, kí ọmọ náà lékè. Gbogbo wa a sì ṣe àmín. N kò tíì rí ẹni tó súre náà tán tó wá bèèrè ohun tí òṣíbàtà ń ṣe nísàlẹ̀ odò níbi tí ojú kò tó. Èmi ni wọ́n rán lọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń tajà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níléèwé, tí wọ́n ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ ni mo ń gé. Ẹrẹ̀ yìí náà ni mo gé títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, iṣẹ́ mi sì bà mí nínú jẹ́. Òótọ́ ni méjèèjì, n kò sì ní fi ìkan bo ìkan mọ́lẹ̀ nítorí kí ìtàn lè dùn.

Ọmọ Ìlódè ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bí mo ṣe dé yunifásítì kò gùn: mo jáde ní pólì, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, owó oṣù náà kò tó nǹkan, mo gbà á. Nǹkan bí ọdún 1990 ni. Wọ́n fi mí sí yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti ń wo àwọn ewéko inú omi. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni ìbéèrè, àwa la ni ẹrẹ̀. Ọ̀gá Láyíwọlá sì ni olórí wa.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀gá. Ṣòkòtò kákí rẹ̀ kì í dé kókósẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tí kì í wọ inú omi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti wọ bàtà gogoro, mo rò pé wọ́n máa fi àga hàn mí. Ó mú mi lọ sí etí adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé ìwádìí, ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ó ní kí n wọlé. Mo wọlé, omi dé mi lórúnkún. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ ìdí òṣíbàtà kan, kí n rọra gbé e, kí n má fà á tu.

"Mojí, kí lo rí?"

"Gbòǹgbò, sà."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Ó pupa, sà."

"Ẹrẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ńkọ́?"

"Dúdú ni, sà. Ó sì ń rùn."

"Ta ló wá kun gbòǹgbò lọ́dà pupa nínú ẹrẹ̀ dúdú?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n gbé ìbéèrè náà lọ sílé, kí n fi sùn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe ń kọ́ni. Kì í sọ fún ọ kí o tó wá a, bí o bá sì wá a títí tí o kò rí i, á jẹ́ kí ojú tì ọ́ díẹ̀ ná.

Nígbà tó yá ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Àwọn ẹ̀dá tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú rẹ̀, ti lo gbogbo ọ́síjìn tán, ìdí nìyẹn tó fi dúdú, tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gbòǹgbò sì gbọ́dọ̀ mí. Kò sí bí ó ṣe lè mí níbẹ̀, àfi kí ewé tó wà lókè bá a mí. Ewé òṣíbàtà á gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Ọ̀pá tó gbé ewé náà dúró ní ihò gbọọrọ nínú, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí dé gbòǹgbò. Gbòǹgbò á mí tirẹ̀, díẹ̀ á sì jò sínú ẹrẹ̀. Irin wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, bí afẹ́fẹ́ tó jò bá sì ti kàn án, á dógùn-ún bí àdá tí a gbàgbé sínú òjò. Pupa tí mo rí nìyẹn. Gáàsì tí ẹrẹ̀ náà ń tú jáde á sì gba ojú ọ̀nà kan náà gòkè, á bá ewé jáde. Bí gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ ṣe ń fún ara wọn ní nǹkan nìyẹn, láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn wọn.

Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ bí afẹ́fẹ́ tó ń jò náà ṣe ń rìn jìnnà tó. A máa ń ki páìpù dígí bọ ìdí òṣíbàtà, kí ẹrẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ ní òdidi. A óò gbé e dé ilé ìwádìí, a óò wá gé ẹrẹ̀ náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí iṣu tí a fẹ́ dín. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí afẹ́fẹ́ tiwa tí à ń mí bá kan ẹrẹ̀ dúdú yẹn, kíá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà, ohun tí a bá sì wọ̀n nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ mọ́. Nítorí náà, inú àpótí kan la ti ń gé e. Dígí ló wà lójú àpótí náà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn méjì sì wà lára rẹ̀ tí a máa ń ki apá bọ̀ láti ìta. Sílíńdà náítírójìn ló ń fẹ́ gáàsì sínú rẹ̀, tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Nínú yàrá kékeré kan tí à ń pè ní yàrá ẹrẹ̀ ni àpótí náà wà.

Ọ̀gá le lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ju bí ìyá ọkọ ṣe ń le lọ. Tó bá rí àwọ̀ ilẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára èyí tó o gé, á dà á nù lójú rẹ, á ní kí o padà sínú omi, ì báà jẹ́ pé oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ni lórí. Á ní, "Ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti kàn, ẹlẹ́rìí èké ni. Kì í ṣe ẹjọ́ tiẹ̀, ìwọ lo kọ́ ọ nírọ́." Mo sunkún níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ sun ún ní ìta, kí omi ojú mi má kán sí iṣẹ́.

Àwa méjì la jọ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ìkejì mi ni Bámidélé, ọmọ Òkè-Ogbò, Délé tí gbogbo wa ń pè é. Ó jù mí lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó tún láwàdà, Àǹtí Mojí ló máa ń pè mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni àléébù rẹ̀, ìyẹn náà kì í sì í ṣe àléébù lójú ọmọ Yorùbá: wọ́n kọ́ ọ nílé débi pé kò lè gbọ́ ìkíni kí ó má dáhùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìbọ̀wọ́. Ìyá Sàádátù, màmá tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Délé, kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le?"

Délé kò lè kọ ẹ̀yìn sí àgbà. Ó yí padà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó gbàgbé pé ọwọ́ òun wà lára àpótí. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun tàpótí. Ohun tí a ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá nínú omi tú sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi àti Ìyá Sàádátù rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó pe gbogbo wa jọ.

Ó ní, "Láti òní lọ, bí ènìyàn bá ti wà nínú yàrá ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí i. Ẹ má kanlẹ̀kùn, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹ kàn máa kọjá."

Ìyá Sàádátù wò ó. "Ọ̀gá, ká kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i? Ṣé a bá a jà ni?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹrẹ̀ ò mọ ìkíni."

Ó kọ́kọ́ ṣòro. Ẹni tó bá mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé a ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rárá. Ká kọjá lẹ́nu ọ̀nà ká pa ẹnu mọ́, bí ìgbà tí a jalè ló rí lára wa. Àmọ́ ohun tí ènìyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni yóò mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi yangàn. Àwọn tó bá ti ẹ̀ka mìíràn wá máa ń sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa parọ́rọ́, pé iṣẹ́ gidi ni à ń ṣe níbẹ̀.

Ìlú wá le. Ohun tí a ń rà láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́. Ìbọ̀wọ́ àpótí náà gbó, a fi gọ́ọ̀mù tí àwọn fọ́gánáísà fi ń lẹ táyà lẹ̀ ẹ́. Ó tún ya, a tún lẹ̀ ẹ́. Gáàsì ń jò lára àpótí, a mọ̀, àmọ́ fáànù kan wà lára ògiri tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá náà síta, a sì máa ń ṣí fèrèsé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé béèrè àpótí tuntun, ìwé náà lọ, kò padà wá. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a kò bá ṣe é, iṣẹ́ náà kú nìyẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ekuru ń wọlé, ó ń bà lé orí iṣẹ́, ni Délé bá ti fèrèsé, ó ní fáànù tó òun. Ọ̀gá ní kí èmi lọ gbé ẹrẹ̀ mìíràn wá lódò. Mo fi Délé sílẹ̀ níbi tó ti ń ki apá bọ inú ìbọ̀wọ́. Ó ní, "Àǹtí Mojí, ẹ bá mi kí òṣíbàtà o, torí pé ẹ ò lè kí èmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn.

Ibi tí mo wà nínú omi kò jìnnà, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n mú iná lọ lẹ́yìn tí mo jáde. Fáànù dúró. Sílíńdà kò mọ̀ pé iná ti lọ, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ẹ má rò pé májèlé ni náítírójìn. Òun ló pọ̀ jù lọ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kò rùn, kì í ta ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba àyè ọ́síjìn nínú yàrá, oorun ni yóò kàn kun ènìyàn, á sì sùn lọ.

Nígbà tí mo gbé korobá mi dé, èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Délé wà nílẹ̀ níta yàrá, Ọ̀gá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó tún ń fẹ́ ẹ. Àtẹ́lẹwọ́ Délé ṣì ní ẹrẹ̀, mi ò mọ ibi tí ìbọ̀wọ́ ti ya sí i lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ti kú kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìyá Sàádátù fara ti ògiri, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń ka nǹkan: "Mo gba ibẹ̀ kọjá. Mo tún gba ibẹ̀ padà. Mi ò kí i. Ṣebí wọ́n ní ká má kí i. Ká ní mo kí i ni, kó má dá mi lóhùn, ǹ bá mọ̀. Délé ò lè gbọ́ 'ẹ kú iṣẹ́' kó má dáhùn."

Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tó gbọ́ ọ, ó sì wù mí kí n má wò ó. Òun náà ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ṣáájú, ó ń retí kí Délé parí, kò kanlẹ̀kùn, kò pè é. Ó ti padà lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó má bàa dí ọmọ lọ́wọ́.

A lọ kí àwọn òbí Délé ní Òkè-Ogbò. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà nínú pálọ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ibi ibojì, òbí kì í rí ibojì ọmọ. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún un, ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà."

Obìnrin náà ní kí ó dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ lórí Bámidélé. Kò sígbà tí kì í sọ̀rọ̀ yín nílé. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni."

Ìyá Délé ń dúró de ìdáhùn, nítorí pé ẹni tí a bá kí ní í dáhùn. Níkẹyìn, Ọ̀gá bo ojú, ó sunkún. Èmi ni mo bá a dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà." Ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá ní kí káfíńtà yọ ìlẹ̀kùn yàrá ẹrẹ̀ kúrò pátápátá. Kọ́tìnnì ló fi síbẹ̀. Fèrèsé kò tún padé mọ́, bí ekuru ń wọlé kó máa wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò tún gé ẹrẹ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń rìn ká ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí wa. "Mojí, kú iṣẹ́ o." Bí n kò bá tètè dáhùn, á tún pè mí, ohùn rẹ̀ á sì ti yí padà. Àìmọye ìgbà ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ nítorí pé mo fẹ́ dá a lóhùn. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn, mo máa ń fi hàn án. Á kàn ní, "Kò burú. Lọ bu òmíràn." Ọ̀gá tó ń da ẹrẹ̀ nù lójú wa nìyẹn o.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá mi ní kí n wá bá òun ta bàtà. N kò lọ, nítorí pé bí mo bá lọ, Ọ̀gá nìkan ni yóò kù lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Kí ọdún 1999 tó parí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti òkè òkun dé, ó mú abẹ́rẹ́ dígí kan wá. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí a bá rọra ki abẹ́rẹ́ náà bọ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ló máa sọ iye ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ fún wa. A kò ní gé nǹkan kan. Kò sí gáàsì, kò sí ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá wò ó títí.

"Kò nílò yàrá?"

"Kò nílò, sà."

"Ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é?"

"Ó lè máa kọrin pàápàá, sà."

Ó jáde lọ jókòó lábẹ́ igi. Kò sọ pé ẹ wò bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Kò pọn dandan kí ó sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni a fi dán nǹkan kan wò tí n kò lè gbàgbé. A gé ewé òṣíbàtà kan lókè omi, a wá ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀. Nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tó mì lójú omi, kò sí ohun tó dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń yọ̀ pé ó rí bí òun ṣe rò. Mo tọrọ àyè, mo jáde, mo lọ bọ́jú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí iṣẹ́ kan bá wù yín, ẹ ṣe é. Bí ọ̀gá yín bá le, ẹ fara dà á, ọ̀gá tó le ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní nítorí iṣẹ́, kí ẹ má kí ara yín mọ́, ẹ ní Àǹtí Mojí ní kí ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Ẹrẹ̀ kò lè tán lódò.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Kò pẹ́ tí iyè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó ń gbàgbé orúkọ, ó ń gbàgbé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà. Á rìn wá sí ilé ìwádìí, á dúró níta kọ́tìnnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wà nínú yàrá ẹrẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Délé, kú iṣẹ́ o."

Mo ká kọ́tìnnì. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi Mojí ni."

Ó wo ẹ̀yìn mi. "Délé ńkọ́?"

Òpònú èmi, mo sọ òótọ́ fún un. Ó sì gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún bí ọjọ́ tí a wà ní Òkè-Ogbò. Ìyàwó rẹ̀ ló wá mú un lọ sílé. Ó bẹ̀ mí pé bí ọkọ òun bá tún wá, kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ó tún wá. Mo dúró síbi tí mo wà, mo fi kọ́tìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Délé, kú iṣẹ́ o."

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Oo, sà. Ẹ ṣeun, sà."

"Ṣé ara le?"

"Ara le, sà."

"O ń mí dáadáa?"

Mo di etí tábìlì mú. "Mò ń mí dáadáa, sà."

"Ó dáa," ó ní. "Máa bá iṣẹ́ lọ. Mo kàn ní kí n kí ọ ni."